Nígbà Tí Ọmọ Ọlọ́mọ Bá Di Ọmọ Ilé Wa

Aṣọ àńkárá kan wà nínú àpótí ọmọ àbúrò mi tí kò wọ̀ rí. A rán an fún un nígbà Kérésì, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tó dé ọ̀dọ̀ mi ní Kàdúná. Àwọn ọmọ mi ti wọ tiwọn débi pé ó ti ń ṣá. Tirẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá tí télọ̀ kó o sí. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní òun ń fi í pamọ́ de màmá òun. Bí màmá òun bá ti Èkó dé, òun máa wọ̀ ọ́ lọ pàdé rẹ̀.

Màmá rẹ̀ kò sí ní Èkó. A ti sin ín sí Ọ̀fà láti oṣù kẹjọ.

Àwa àgbà la pa irọ́ náà. Nígbà tí ẹbí jókòó lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́fà kò mọ ohun tí ikú jẹ́, kí á sọ fún un pé ìyá rẹ̀ rìnrìn àjò. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó rọ̀ mí lọ́rùn ju kí n wo ojú ọmọ náà kí n sọ òótọ́ lọ. Mo kó òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, wọ ọkọ̀ Kàdúná. Mo rò pé oúnjẹ, owó ilé ìwé àti ibi tí wọn yóò máa sùn nìkan ni ìṣòro tó wà níwájú mi.

Ọdún kẹfà rèé. A rí oúnjẹ jẹ, a sì rí ibi tẹ́ ẹní sí. Ọ̀rọ̀ tí a kò sọ ló fẹ́ tú ilé ká: èyí tí a kò sọ fún ọmọ, èyí tí a kò bá bàbá rẹ̀ sọ, èyí tí a kò kọ sílẹ̀, àti èyí tí èmi fúnra mi ń gbé mì. Ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ ẹlẹ́gbọ́n, ọmọ àbúrò, ọmọ ọmọ tàbí ọmọ ọ̀rẹ́.

Àṣà àtijọ́ ni

Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Ta ni nínú wa tí kò gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí ìyá ìyá rẹ̀ rí? Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń ṣe é. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ń pè é ní riƙo. Láàrin àwọn Gonja ní àríwá Ghana, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹbí kí ó lè kọ́ ìwà àti iṣẹ́. Esther Goody, tó ṣe ìwádìí láàrin wọn, gbé ìwé jáde lórí irú àgbàtọ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1982. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn Fọn ń pe ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní vidomègon.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí vidomègon yẹn. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ìrànlọ́wọ́ láàrin ẹbí ti di òwò lọ́wọ́ àwọn kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Kutọnú ló ń kiri ọjà láti àárọ̀ dalẹ́ fún ẹni tí kò bá wọn tan. Benin ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé ní 2015, lára ohun tó sì ń lé ni irú ìlòkulò bẹ́ẹ̀. Àwa náà ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ rò pé ó ń lọ ilé ìwé nígboro, tó jẹ́ pé abọ́ ló ń fọ̀.

Lóde òní, ikú nìkan kọ́ ló ń sọ ọmọ di ọmọ àgbàtọ́. Òbí mìíràn jápa, ó ní òun máa ránṣẹ́ sí ọmọ tí òun bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Tọkọtaya mìíràn tú ká. Àwọn kan ń ṣàìsàn, àwọn kan sá fún àwọn agbébọn kúrò lábúlé wọn. Ohun yòówù kó fà á, ọmọ náà kò yàn án.

Ẹ sọ òótọ́ fún ọmọ

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìn-ín-ní ni mo pe ọmọbìnrin náà wọ yàrá. Ọkọ mi jókòó tì wá. Mo ní: “Màmá rẹ kò lọ sí Èkó. Àìsàn ṣe é, ó sì kú. Ẹni tó bá kú kì í padà wá mọ́. Kì í ṣe ohun tí o ṣe ló fà á.”

Kò sunkún lójú ẹsẹ̀. Ó bi mí pé, “Ta ló mọ̀?”

Mo ní gbogbo wa la mọ̀.

Ó ní, “Èmi nìkan ni mi ò mọ̀.”

Gbólóhùn yẹn kò tíì kúrò létí mi. Ìgbà tó máa wá wọ àńkárá náà, ó ti fún un lápá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nírú ipò yẹn, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ lo ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere. Bí ẹ bá sọ fún ọmọ kékeré pé ìyá rẹ̀ “sùn”, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù oorun. Bí ẹ bá ní ó rìnrìn àjò, yóò máa retí rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún méje sábà máa ń rò pé ẹni tó kú lè padà, nítorí náà yóò tún béèrè lọ́la, yóò tún béèrè lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ tún un sọ láìbínú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì máa ń rò nínú ara wọn pé àwọn làwọn fà á, nítorí pé àwọn ṣe agídí lọ́jọ́ kan. Ẹ sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó béèrè pàápàá.

Bí òbí bá wà láàyè ní òkè òkun, ẹ sọ ibi tó wà àti ohun tó lọ ṣe. Ẹ má ṣe dá ọjọ́ tí kò dá yín lójú. “Dádì máa dé nígbà Iléyá” jẹ́ ìlérí, ọmọ á sì máa kà á lórí ìka. Ẹ jẹ́ kí àwòrán òbí wà níbi tí ọmọ ti lè rí i, kí ọjọ́ kan sì wà lọ́sẹ̀ tí wọn yóò máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ẹ jókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú òbí àti ẹbí

Bàbá àwọn ọmọ yìí ń wa tírélà. Ọjọ́ tí mo kó wọn, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ohun tí mo bá rí ni n ó máa fi ránṣẹ́.” Kò sẹ́ni tó bi í pé èló. Ojú ń tì wá. A rò pé kò yẹ kí á máa sọ̀rọ̀ owó nígbà tí omi ojú kò tíì gbẹ.

Ó fi owó ránṣẹ́ fún ọdún kan, lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró. Inú bí mi. Lọ́jọ́ kan, mo sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ pé bàbá wọn ti gbàgbé wọn. Ẹyin lohùn. Oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo gbọ́ pé ọkọ̀ tó ń wà ti bàjẹ́, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ló ń ti òun náà láti pè mí. Kí ni mo wá fẹ́ sọ fún ọmọ tó ti gbọ́ pé bàbá òun gbàgbé òun?

Kí ọmọ tó kó dé, tàbí ní ọ̀sẹ̀ tó bá dé, ẹ jọ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀, kódà kó jẹ́ sínú ìwé ilé ìwé ọmọ:

• Títí di ìgbà wo ni ọmọ náà máa gbé lọ́dọ̀ yín?
• Ta ni yóò máa san owó ilé ìwé, ti aṣọ àti ti ilé ìwòsàn? Èló ni, ìgbà wo sì ni?
• Bí owó bá tán lọ́wọ́ ẹni tó ṣèlérí, báwo ni yóò ṣe jẹ́ kí ẹ mọ̀?
• Ìpinnu wo lẹ lè ṣe fúnra yín, èwo lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe òbí sí?
• Ẹ̀sìn wo, ilé ìwé wo, orúkọ wo ni ọmọ náà yóò máa jẹ́?
• Bí ẹ̀yin alágbàtọ́ bá ṣàìsàn tàbí bí ẹ bá kú, ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ ń lọ?

Ẹ má fo ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, pàápàá ẹ̀yin ìyá àgbà àti bàbá àgbà tí ẹ ń tọ́ ọmọ ọmọ yín.

Ti orúkọ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn alágbàtọ́ kan máa ń fi orúkọ ara wọn forúkọ ọmọ sílẹ̀ níléèwé nítorí pé ó yá. Tó bá di ìgbà ìdánwò àṣekágbá, orúkọ inú ìwé ìbí á yàtọ̀ sí ti ilé ìwé. Fún àwa tí a ní Mùsùlùmí nínú ẹbí, ẹ̀sìn Ìsìláàmù fẹ́ kí á tọ́ ọmọ òrukàn, ṣùgbọ́n ó ní kí á máa fi orúkọ bàbá tó bí i pè é.

Ìwé tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín

Ní ọdún kejì, inú bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọmọbìnrin náà lóru. Ilé ìwòsàn tí a gbé e lọ ní àpẹ́ńdíìsì ni, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní kí òbí rẹ̀ wá fọwọ́ síwèé. Mo ní èmi ni mo ń tọ́ ọ. Wọ́n ní ìwé wo ló sọ bẹ́ẹ̀? Fóònù bàbá rẹ̀ kò lọ. Ó wà lójú ọ̀nà. Wákàtí mẹ́ta la fi ń bẹ̀bẹ̀ kí dókítà àgbà kan tó dé, tó ní kí n fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́. Ọlọ́run yọ wá. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé Òfin Ètò Ìlera ti ọdún 2014 ní Nàìjíríà kò gba ilé ìwòsàn láàyè láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń rántí òfin láàárín òru? Ìwé ló yá jù.

Ẹ wá fáìlì kan, kí ẹ kó ìwọ̀nyí sí i:

• Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ òbí tó wà láàyè, tó sọ pé ẹ̀yin ni ọmọ wà lọ́dọ̀ yín, pé ẹ lè fọwọ́ sí ìtọ́jú rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ilé ìwé rẹ̀. Kí nọ́ńbà fóònù àti àwòrán òbí wà lára rẹ̀. Ẹ mú un lọ sí kọ́ọ̀tù láti ṣe ìwé ìbúra lé e lórí.
• Ìwé ẹ̀rí ìbí láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn, NPC. Bí ọmọ kò bá ní, ẹ lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó pé ọdún 18.
• Ìwé ẹ̀rí ikú òbí, bí òbí bá ti kú.
• Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti àkọsílẹ̀ jẹ́nótáìpù rẹ̀ àti oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà.
• Nọ́ńbà ìdánimọ̀, NIN. Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 16, NIN òbí tàbí alágbàtọ́ ni wọ́n máa ń so mọ́ tirẹ̀. JAMB kì í forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìsí NIN.
• Èsì ìdánwò láti ilé ìwé tó ti ń bọ̀.

Bí ọmọ náà bá máa pẹ́ lọ́dọ̀ yín, tàbí bí àríyànjiyàn bá wà nínú ẹbí lórí ẹni tí yóò tọ́ ọ, ẹ lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ní apá kan lórí alágbàtọ́, ó sì dá Kọ́ọ̀tù Ìdílé sílẹ̀ tó lè fi àṣẹ gbé ọmọ lé yín lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Èkó ṣe tiwọn ní 2007. Òfin náà ní ire ọmọ ni kí á kọ́kọ́ wò nínú ìpinnu gbogbo tó bá kàn án. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn bí ẹbí bá ń jà.

Ohun tí òbí fi sílẹ̀, ti ọmọ ni

Tíṣà ni àbúrò mi. Ó ju ọdún kan lọ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rántí béèrè níbi iṣẹ́ rẹ̀ bóyá ó ní owó kankan nílẹ̀. Bí òbí tó kú bá jẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ béèrè nípa àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ẹ béèrè nípa ìbánigbófò ẹ̀mí náà: Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí àwọn agbanisíṣẹ́ tí òfin náà kàn ra á fún òṣìṣẹ́ wọn, kí ó má sì dín ní ìlọ́po mẹ́ta àpapọ̀ owó tí òṣìṣẹ́ náà ń gbà lọ́dún.

Ẹni tí òkú kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbátan tó sún mọ́ ọn jù kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ajogún. Ẹni tí wọ́n á kọ́kọ́ pè ni. Bí owó bá jáde, ẹ ṣí àkáǹtì fún ọmọ, kí ẹ máa kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sílẹ̀. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ náà yóò béèrè. Ìwé yẹn ni yóò gbà yín lọ́wọ́ ìfura.

Ta ló ń fọ abọ́?

Aládùúgbò mi kan wá kí wa lọ́jọ́ kan. Ó wo ọmọ àbúrò mi tó ń fọ ìkòkò, ó ní, “Ọmọ ọ̀dọ̀ yín yìí mọṣẹ́ o.” Mo ní ọmọ mi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo wò yíká. Àwọn ọmọ mi méjèèjì wà nídìí tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ pé kó máa rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà kì í jiyàn, ọwọ́ rẹ̀ yá, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe rọra ṣí lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé òun kì í sọ pé ó ti rẹ òun.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn la pín iṣẹ́ ilé, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé gbà kí ọmọ ṣe iṣẹ́ fúyẹ́ nínú ẹbí. Ohun tó lòdì sí ni kí á máa jẹ ọmọ níyà lábẹ́ orúkọ iṣẹ́. Ẹ fi nǹkan mẹ́ta yẹ ara yín wò: ẹran inú àwo, aṣọ ọdún, àti ẹni tí ẹ kọ́kọ́ ń pè bí nǹkan bá sọnù nínú ilé.

Àwọn ọmọ tiyín náà ń pàdánù nǹkan. Ọmọ mi ọkùnrin fi ibùsùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń tọ̀ sílé. Ó bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n ń lọ ilé wọn. Mo fẹ́ nà án. Mo dúpẹ́ pé mo jókòó tì í dípò bẹ́ẹ̀. Ẹ wá àkókò fún ọmọ tiyín lọ́tọ̀, ẹ má sì fi ìkẹ́ jù ba ọmọ àgbàtọ́ jẹ́ nítorí àánú. Ìbáwí kan náà, ìyìn kan náà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kì í fẹ́ sọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé tuntun ni ẹni burúkú máa ń kọ́kọ́ fojú sí, nítorí ó mọ̀ pé kò tíì ní ẹni tó lè sọ fún. Ẹ mọ ẹni tó ń sùn sí yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kò sí àgbà kankan, ẹbí tàbí àlejò, tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kan ìhòòhò rẹ̀, àti pé bó bá sọ fún yín, ẹ máa gbà á gbọ́.

Ẹ̀yin alágbàtọ́ náà ńkọ́?

Gbogbo ènìyàn ló bá mi kẹ́dùn títí di ọjọ́ ìsìnkú. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí pé àbúrò mi ló kú, tí a jọ mu ọmú kan náà. Ọdún kan kọjá kí n tó sunkún rẹ̀ dáadáa, nílé ìwẹ̀, kí àwọn ọmọ má bàa gbọ́.

Àwọn ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2009 lórí ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ ní kí ìjọba máa ran irú àwọn ẹbí báyìí lọ́wọ́. Kí ìrànlọ́wọ́ yẹn tó dé ẹnu ọ̀nà wa, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ má sọ pé “ẹ ràn mí lọ́wọ́” lásán, nítorí ẹni tó gbọ́ ọ kò mọ ibi tó máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ pé: “Ẹ bá mi ra bàtà ilé ìwé kan.” “Ẹ bá mi mú wọn lọ́jọ́ Sátidé kí n lè sùn.” Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kàdúná ló san owó ilé ìwé sáà kan lọ́dún tí nǹkan le fún wa jù. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń jókòó sí ìpàdé wọn kí n tó lanu.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, ẹ má bi wá níwájú àwọn ọmọ pé “bàbá wọn dà?” Bí ẹ bá fẹ́ ṣe oore, ẹ jẹ́ kí ẹ̀bùn yín kárí gbogbo ọmọ inú ilé, bó ṣe bisikíìtì lásán.

Ọmọbìnrin náà ti pé ọdún méjìlá báyìí. Bàbá rẹ̀ ti rí ọkọ̀ mìíràn wà, ó máa ń yà kí wọn bó bá gba ọ̀nà wa kọjá, a sì ti kọ ohun tí a jọ fẹnu kò lé lórí sínú ìwé kan tó wà nínú fáìlì. Láti ọjọ́ tó ti dé, “Mọ́mì Kàdúná” ló ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kàdúná ni òun náà ń gbé. Àwọn kan ní kí n kọ́ ọ láti máa pè mí ní Mọ́mì bí àwọn tó kù. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní Mọ́mì kan tẹ́lẹ̀, ó sì mọ ibi tó wà.